Ọjọ́ Tí Eyín Bàbá Àdínì Wà Nínú Òkúta

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó bá ń ka èyí pé n kò kọ ọ́ láti tọrọ àforíjì. Àwọn tó yẹ kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pọ̀ ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú láì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló kù tí mo ṣì ń retí. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun abẹ̀mí. N kò fẹ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu rẹ̀: pé ohun tó ṣe sí àgbò mi kò dára.

Àgbò náà ti kú kí n tó ní in. Ọdún Iléyá kan ni mo lọ láti ilé dé ilé, tí mo ń tọrọ egungun lọ́wọ́ àwọn tó ti jẹ ẹran wọn tán. Mo sè wọ́n nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé, mo sá wọn sóòrùn, mo sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ títí àgbò fi dúró lórí tábìlì nínú yàrá sáyẹ́ǹsì bí ẹni tó fẹ́ ké. Kò pé dáadáa, mo gbà. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, nítorí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó jáde nílé ẹ̀kọ́ wa tí kò mọ egungun ìhà yàtọ̀ sí ti èjìká. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìlọrin, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé àgbò mi jáde, pé yóò dẹ́rù ba àlejò. N kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní ìpàdé olùkọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n fẹ́ yan igbákejì ọ̀gá, ó dìde, ó ní òun kò lè fi irú ipò bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ obìnrin tó ń se egungun tí kò sí ẹran lára rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni wọ́n fún ní ipò náà. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ni, kò sì lè tọ́ka sí Ìdọ̀fin lórí máàpù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Èmi àti ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé wa sì kọjú síra. Bí mo bá ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, ìloro rẹ̀ ni mo ń wò. Òun náà ń wo tèmi. A máa ń kí ara wa láti òdìkejì títì, kò sì sí ẹni tó ń ré títì náà kọjá.

Nígbà ìsinmi ńlá, àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó, Àbújá àti Ìlọrin máa ń kó ọmọ wọn wálé fún àwọn òbí àgbà. Àwọn ọmọ náà á dúró sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á na fóònù sókè láti wá nẹ́tíwọ̀kì, bí ẹni tó ń tọrọ òjò. Àwọn ìyá àgbà wọn wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn mú àwọn ọmọ náà dání. Mo gbà. Kì í ṣe ìfẹ́ ló mú mi gbà. Ariwo wọn kò jẹ́ kí n rí oorun ọ̀sán sùn, mo sì mọ bí a ṣe ń pa ariwo ọmọ láì na ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo yàn ni fọ́sìlì. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹranko lè kú sínú ẹrẹ̀, kí ẹrẹ̀ bò ó, kí ẹrẹ̀ náà di òkúta lẹ́yìn ọdún tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Pé ẹran ara rẹ̀ á jẹrà, ṣùgbọ́n egungun, ìkarahun àti eyín lè fi àmì sílẹ̀ nínú òkúta. Ọmọ kan láti Àbújá béèrè bóyá mo wà níbẹ̀ nígbà náà. Mo ní kí ó jókòó.

A kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Àpáta tiwa le láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò gbé òkú kankan pamọ́. A ní láti ṣe tiwa. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní Èkó ti kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ó sì pa iṣẹ́ tì nígbà tó kan àjà. Àpò píópì, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò láti fi ṣe àjà ilé ìgbàlódé, wà nínú pálọ̀ rẹ̀ tí ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní kí n kó o, kí n ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é rọrùn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ike bọ́tà kan tó ti ṣófo wá. A po píópì mọ́ omi títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, a dà á dé ìdajì ike. Ohun tí ọmọ bá fẹ́ sin, á fi baselíìnì pa á lára kí ó má baà lẹ̀, á tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, a ó sì da ìyókù bò ó. Nígbà tó bá gan, òkúta ni. Lọ́jọ́ Ajé, kálukú yóò gba òkúta ẹlòmíràn, yóò fi ìṣó àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ wa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe. Nítorí náà mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ sára tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó sin. Mo ní kí wọ́n wá ohun líle, tó ti gbó, tó jẹ́ ti ẹ̀dá alààyè. Mo ní bí wọ́n bá lè rí eyín, eyín ló dára jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ṣe é. A tò wọ́n sórí pákó nínú àgbàlá mi, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn dọ́gba, bíi búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú ààrò. Ọmọ-ọmọ ọ̀gá wà lára wọn, ọmọbìnrin kan láti Èkó tí orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wọn lọ. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í yí máàkì.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ wé láwàní fún ọ̀gá gẹ́gẹ́ bíi Bàbá Àdínì, ìyẹn ẹni tí gbogbo Mùsùlùmí ìlú ń pè ní bàbá. Ó ti ń fojú sọ́nà fún oyè náà láti ìgbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ti ń ṣàìsàn, bí kò bá jẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Ó ń sọ ọ́ níwájú dígí lójoojúmọ́, fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èmi náà sì ti mọ̀ ọ́n sórí. N kò rí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ tó ọkùnrin yìí. Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, ọmọ máa ń dákú lórí ìlà nínú oòrùn òwúrọ̀ kí ó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ Àìkú náà, ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi, ọmọ-ọmọ wọn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti ń wá eyín bàbá. Eyín àtọwọ́dá ni, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tó máa ń yọ sínú ife omi bó bá jẹun ọ̀sán tán. Wọ́n kọ́kọ́ ní eku ló gbé e. Wọ́n fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, wọ́n tú àpò ìrẹsì, wọ́n wo inú ilé adìẹ. Wọ́n tiẹ̀ fura sí àna wọn kan tó wá láti Ìlọ́fà, nítorí pé òun náà kò ní eyín. Àárọ̀ yẹn ni ọmọ náà tó jẹ́wọ́.

"Yèyé Tíṣà," ni ìyàwó náà wí, "ó ní inú òkúta yín ló wà."

"Òkúta wo?"

"Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má kọ orúkọ."

Mo wo ọmọ náà. Kò sunkún, kò sì sá.

"Ẹ ní kó le, Màmá," ló wí. "Ẹ ní kó ti gbó. Ẹ ní eyín ló dára jù."

Mo ṣí ilẹ̀kùn àgbàlá fún wọn.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ré títì kọjá. Ó ti wọ agbádá funfun tó fẹ́ fi gba oyè, ó fi áńkáṣífù bo ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọnú bíi ti ẹni tó ń fa ọsàn mu. Ó mú òòlù dání lábẹ́ agbádá. Ó fẹ́ fọ́ gbogbo òkúta náà lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tètè máa lọ. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n òòlù tó bá fọ́ òkúta yóò fọ́ eyín. Òtítọ́ ni mo sọ, n kò sì ní purọ́ pé kò dùn lẹ́nu mi. Ìṣó àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan ló lè yọ ọ́ láìfọ́, ìyẹn sì gba sùúrù. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ àwọn ọmọ ni òkúta wọ̀nyẹn. Bó bá fẹ́ kí a wa wọ́n ṣáájú ọjọ́ Ajé, kí ó bẹ àwọn tó ni wọ́n.

A ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ. Wọ́n dé pẹ̀lú ẹnu tí wọn kò tíì fọ̀. Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré tí mo fi ń kọ́ wọn, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé kò sí eyín, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà. Ọmọ Àbújá ní òfin ni òfin, pé ọjọ́ Ajé ni Yèyé wí. Ọ̀gá ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un. Ó ní òun ní kẹ̀kẹ́. N kò rí i rí láyé mi kí ọkùnrin yẹn bẹ ọmọdé, mo sì rọra mu ẹ̀kọ mi tán kí n tó ní kí ọmọ náà fún un.

Nígbà náà ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọ̀gá," mo ní, "kí a tó fọwọ́ kan òkúta kankan, ẹ sọ fún mi pé ohun tí ẹ ṣe sí àgbò mi kò dára."

Ohun tó sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, kì í ṣe bó ṣe dún.

"Ṣé orí ewúrẹ́ yẹn náà la ṣì wà?"

"Àgbò ni."

"Màdáàmù, ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ẹ sọ ọ́."

Ó fi áńkáṣífù nu ẹnu. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi èrìgì lásán sọ. Ó ní kí n bá òun rí eyín òun, pé bó bá ti wọ ẹnu òun báyìí, òun yóò sọ̀rọ̀ àgbò náà níṣojú gbogbo ènìyàn, kí òun tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo ti mọ ọkùnrin yìí pẹ́. Síbẹ̀ mo ká aṣọ mi ró, mo jókòó sílẹ̀, mo sì mú ìṣó. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà kí ẹnu yẹn pa dé, èmi ni mo ń fi gbogbo agbára mi wa eyín rẹ̀.

Kì í ṣe eyín ọ̀gá nìkan ni wọ́n jí sin sínú àwọn òkúta náà. Egungun adìẹ wà, ìkarahun ìgbín wà, bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n a tún rí kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ, ìdajì ìgò ojú, àti òrùka etí góòlù tí ìyá àgbà kan ti torí rẹ̀ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ padà sí Ìsòlò-Ọ̀pin. Ìyá náà gba òrùka etí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi sí etí, ó lọ, kò dúpẹ́, kò sì ránṣẹ́ pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ padà títí di òní. Nígbà kan ọmọ Àbújá pariwo pé òun rí eyín. Ọ̀gá dìde, agbádá rẹ̀ gbá bẹ́ǹṣì ṣubú. Eyín lóòótọ́ ni, ẹyọ kan, ti ẹran. Ó jókòó padà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ti ga, a ń gbọ́ tí wọ́n ń dán makirofóònù wò ní mọ́sálásí. Ọkọ̀ ń wọlé láti Ìlọrin àti Òsì. Ẹnì kan wá sọ pé àáfà àgbà ti dé, ẹlòmíràn wá sọ pé wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ibi tí Bàbá Àdínì wà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àìlà, òkúta ṣì kù lórí pákó. Ọ̀gá dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun funfun kúrò lára agbádá, ó pa ẹnu mọ́, ó sì lọ. Ó fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n máa wa á lọ.

Mo fi ìṣó lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọn yóò gbé makirofóònù fún un. Mo jókòó sí apá àwọn obìnrin, níwájú, níbi tí n kò ti ní pàdánù ohunkóhun.

Wọ́n wé láwàní fún un. Láwàní náà dára, n kò ní bà á jẹ́. Wọ́n ṣàdúrà, gbogbo wa ṣe àmín. Lẹ́mọ́mù wá ní kí Bàbá Àdínì wa tuntun bá wa sọ̀rọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ sì ti ń wá ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn tì. Wọ́n na makirofóònù sí i. Ó wò ó. Ó na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ó sì tẹ orí ba. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìbínú ni, mo mọ ìbínú rẹ̀ dáadáa, mo ti rí i ní ìpàdé olùkọ́.

Àáfà àgbà láti Ìlọrin gba makirofóònù. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wé láwàní fún ènìyàn, òun kò tíì rí irú èyí. Ó ní àwọn mìíràn, bí wọ́n bá gba oyè, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí àlàásárì yóò fi wọlé. Ẹ wo ẹni tí ìbẹ̀rù Ọlọ́run pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Ó ṣe wáàsí lórí ìkóra-ẹni-níjàánu ahọ́n, wáàsí tó dára, mo gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń nu ojú. Àwọn ọmọ tó wá láti ìlú ńlá gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò ọkùnrin tí kò sọ ohunkóhun.

Mo tẹ̀ sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Kò ní eyín lẹ́nu ni."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ tí mo ń bú òkú. "Yèyé," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í lónìí."

Nígbà tí mo délé, ọmọbìnrin náà ti rí i. Ó wà nínú òkúta tó gbẹ̀yìn, tàbí èyí tó sún mọ́ ìgbẹ̀yìn. Ó ti wa á jáde láìfọ́, ó sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ihò tó ṣẹ́ kù nínú píópì náà ni mo wò pẹ́. Eyín kọ̀ọ̀kan hàn níbẹ̀, àti èrìgì, àti ibi tí ọ̀kan ti kán díẹ̀. N kò rí irú iṣẹ́ tó mọ́ bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Mo fún un ní máàkì tó ga jù. Àwọn ọmọ yòókù béèrè ohun tí a lè fi ihò náà ṣe. Mo kọ́ wọn pé nígbà mìíràn egungun á jẹrà tán, ihò rẹ̀ nìkan ló máa ń kù, ẹrẹ̀ mìíràn á wá kún inú rẹ̀, á sì gba àwòrán rẹ̀. Mo fún wọn ní amọ̀ láti inú odò. Kálukú tẹ amọ̀ tirẹ̀ sí ihò náà, ó yọ ọ́, ó sì sá a sóòrùn. Ẹ̀kọ́ ni. Mo lè gbèjà rẹ̀ níwájú alábẹ̀wò èyíkéyìí.

Mo fi abọ́ tó ní ìdérí gbé eyín gidi lọ sílé ọ̀gá. Pálọ̀ rẹ̀ kún. Wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, ó ti eyín sẹ́nu, ó yíjú padà. Mo dúró níwájú rẹ̀. Ó mọ ohun tí mo dúró dè. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ó sì tẹrí ba fún mi.

"Sùbúhánálláhì," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi.

Ní ọjọ́ Ajé, eyín Bàbá Àdínì wà káàkiri ìlú. Wọ́n wà lórí fèrèsé, wọ́n wà lórí àwo ìjẹun, ọmọ kan fi tirẹ̀ sẹ́nu ajá. Ìyàwó ọ̀gá wá bẹ̀ mí pé kí n gbà wọ́n padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Mo ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ wọn ni. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó wá sọ ìdààmú tó wà nílé gan-an. Bàbá ti ní eyín báyìí, ṣùgbọ́n kò rí ibi lò ó. Fídíò ti dé Ìlọrin. Àwọn ènìyàn ń wá láti Ìdọ̀fin láti wá jókòó ti ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbìyànjú láti kí wọn tẹnutẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́mọ́mù fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ba orúkọ tí Ọlọ́run fún un jẹ́.

Ibi kan ṣoṣo ló kù fún un láti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àlàásárì, mo rí i tó ré títì bọ̀, ó ń wo ọ̀tún àti òsì. Ó jókòó sí ìloro mi láì dúró kí n fún un ní àga. Ó ní èmi nìkan ni mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ti owó ìfẹ̀yìntì, ti àìsàn orúnkún, ti àwọn tó dù ú ní oyè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìlú kò fẹ́ gbọ́, èmi ló ń gbọ́ ọ. Gbólóhùn tí mo ń retí kò sí nínú wọn. Ní ọjọ́ tí mo béèrè rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ níbẹ̀, pé kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ parí ti orúnkún.

Mo lè lé e lọ. Mo ti ronú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá lé e lọ lónìí, bí ó bá jẹ́ ọ̀la ló fẹ́ sọ ọ́ ńkọ́?

Lánàá ló ń ṣàlàyé fún mi bí òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di kọmíṣánnà, nígbà tí àwọn obìnrin kan ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú igi ìdáná. Bí ó ti rí wọn, ó pa ẹnu dé láàárín ọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Wọ́n sọ igi kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sójú títì. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé orí mi dára, tí mo rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jókòó tì. Mo dá a lóhùn pé a dúpẹ́. Wọ́n gbé igi wọn, wọ́n kọjá lọ. Ó yọjú wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀, ó wá yí àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi.

"Níbo ni mo dé?" ló wí.

"Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di kọmíṣánnà," mo ní.